Kì Í Ṣe Gbogbo Ohun Tí A Fowó Rà La Lè Tún Tà

Olóòtú ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìsapá. Nígbàkígbà tí ìròyìn nípa àwọn alágbàtà tíkẹ́ẹ̀tì eré, ìyẹn àwọn tó ń rà á láti tún un tà, bá jáde, ohùn méjì ló máa ń gba ojú ewé àwọn òǹkàwé kan. Àwọn kan á ní, "Owó mi ni mo fi rà á, ta ló fẹ́ ní kí n má tà á?" Àwọn yòókù á ní ọ̀daràn ni gbogbo ẹni tó bá tún tíkẹ́ẹ̀tì tà, pé ẹ̀wọ̀n ló tọ́ sí wọn. Ìhà kìíní tọ̀nà tó bá jẹ́ bàtà tàbí ìwé là ń sọ. Ìhà kejì tọ̀nà ní àwọn orílẹ̀-èdè kan, lórí irú tíkẹ́ẹ̀tì kan, tí wọ́n bá tà á kọjá iye kan. Ohun tó ń da ọ̀rọ̀ náà rú ni pé àwọn èèyàn, títí kan àwọn akọ̀ròyìn, máa ń pe àdéhùn ní òfin, wọ́n á sì tún pe òfin ní àdéhùn.

Ìjọba ló ń ṣe òfin, ó sì de gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀, yálà wọ́n fọwọ́ sí i tàbí wọn ò fọwọ́ sí i. Ẹni tó bá rú u lè sanwó ìtanràn, ó sì lè fi ẹ̀wọ̀n jura. Àdéhùn ní tirẹ̀ wà láàárín ẹni tó tà àti ẹni tó rà, àwọn méjèèjì nìkan ló sì dè. Ẹni tó bá yẹ àdéhùn kì í ṣe ọ̀daràn. Ohun tó lè bá a ni pé kí wọ́n fagi lé ohun tó rà, kí wọ́n ti àkáǹtì rẹ̀ pa, tàbí kí wọ́n pè é lẹ́jọ́ kó wá san ohun tó bàjẹ́. Ibi tí àwọn tó ń tún ọjà tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ti ń jìn sí kòtò ni pé wọ́n wo ọ̀kan nínú méjèèjì, wọn ò wo èkejì.

Ọjà tó ṣeé gbé lọ́wọ́ la ó kọ́kọ́ mú, torí òun ló rọrùn jù. Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, tí ẹni tó ni ẹ̀tọ́ àdàkọ (ẹ̀tọ́ lórí ṣíṣe ẹ̀dà iṣẹ́ kan) tàbí àmì-ìdánimọ̀ ọjà bá ti ta ẹyọ kan, agbára rẹ̀ lórí bí ẹyọ yẹn ṣe máa rìn lẹ́yìn náà ti tán. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà sọ èyí ní 1908. Ilé-iṣẹ́ kan tẹ ìwé, ó sì kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé dọ́là kan ni iye rẹ̀, pé alágbàtà tó bá tà á ní iye tó rẹlẹ̀ sí i ti tẹ ẹ̀tọ́ àdàkọ lójú. Ṣọ́ọ̀bù Macy's tà á ní sẹ́ǹtì 89. Ilé ẹjọ́ ní ọ̀rọ̀ tí wọ́n tẹ̀ sínú ìwé lásán kò lè fi ẹ̀tọ́ àdàkọ de ẹni tí kò bá wọn ṣe àdéhùn kankan. Ní 2013, ilé ẹjọ́ kan náà ní bẹ́ẹ̀ náà ni ti ìwé tí wọ́n tẹ̀ lókè òkun: akẹ́kọ̀ọ́ kan tí àwọn ẹbí rẹ̀ ń bá a ra ìwé ẹ̀kọ́ ní Thailand, tó sì ń tà á ní Amẹ́ríkà, ló jàre.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbé ìdájọ́ yẹn lọ sí Yúróòpù. Níbẹ̀, ibi tí wọ́n ti kọ́kọ́ ta ọjà náà ni wọ́n máa ń béèrè. Tó bá jẹ́ inú agbègbè ọrọ̀ ajé Yúróòpù ni ẹni tó ni àmì ti kọ́kọ́ tà á, tàbí tó ti yọ̀ǹda pé kí wọ́n tà á, kò lè dí ọ̀nà rẹ̀ mọ́. Tó bá jẹ́ ìta ni, ó lè dí i. Ilé-iṣẹ́ Silhouette ta férémù ìgò ojú 21,000 tí àṣà rẹ̀ ti kọjá fún ilé-iṣẹ́ kan ní Bulgaria, nígbà tí Bulgaria kò tíì wọ ẹgbẹ́ wọn. Kò pẹ́ tí férémù náà fi padà dé Austria, nínú ṣọ́ọ̀bù tó ń tajà ní owó pọ́ọ́kú. Ní 1998, ilé ẹjọ́ Yúróòpù dájọ́ pé títà tí wọ́n tà á ní ìta kò pa ẹ̀tọ́ ẹni tó ni àmì rẹ́. Ẹni tó bá ń ra ojúlówó ọjà níbi tó ti rọjú láti lọ tà á níbi tó ti wọ́n, rìsíìtì tó fi ibi tó ti rà á hàn ni kó kọ́kọ́ tọ́jú. Pé ọjà náà kì í ṣe ayédèrú kò tó.

Ẹ̀yìn èyí ni ọ̀rọ̀ ipò tí ọjà wà. Agbára ẹni tó ni àmì tún máa ń padà wá tí ọjà bá ti yí padà. Tí ẹ bá yọ páálí òróró ìpara tàbí lọ́fínńdà kúrò, tí páálí náà sì ni wọ́n kọ àwọn èròjà rẹ̀ sí, tí ẹ bá ha nọ́ńbà ìdánimọ̀ kúrò lára fóònù, tí ẹ bá fi ẹ̀yà mìíràn rọ́pò èyí tó wà nínú aago, tí ẹ sì tún ń pe é ní tuntun, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní "owó mi ni mo fi rà á". Nínú ẹjọ́ ilé-iṣẹ́ ìpara L'Oréal àti ìkànnì ọjà eBay ní 2011, ilé ẹjọ́ Yúróòpù ní ìgò lọ́fínńdà tí wọ́n fún àwọn ṣọ́ọ̀bù pé kí oníbàárà fi tọ́ òórùn wò, tí wọ́n kọ ọ́ sí lára pé kì í ṣe títà, kò tíì wọ ọjà rárá. Ìyẹn ni pé ẹ̀tọ́ ẹni tó ni àmì ṣì wà lórí rẹ̀ digbí. Irú ìgò bẹ́ẹ̀ kún orí íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn tó ń tà á sì rò pé ìgò olówó pọ́ọ́kú kan lásán ni.

Gáráǹtì náà ń kó èèyàn sí wàhálà. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ kì í gba gáráǹtì wọlé àyàfi lọ́wọ́ ẹni tó rà á lọ́wọ́ alágbàtà tí wọ́n fọwọ́ sí. Tí ẹ bá kọ ọ́ pé "ó ní gáráǹtì ọdún kan", tí ilé-iṣẹ́ sì kọ̀, irọ́ lẹ fi tajà, kódà tí ìwé gáráǹtì wà nínú páálí. Ohun tó yẹ ní kíkọ ni ọjọ́ tí ẹ rà á, ibi tí ẹ ti rà á, àti pé ẹ ò mọ̀ bóyá ilé-iṣẹ́ máa gbà á. Fọ́tò náà ńkọ́? Ẹ fi fóònù yín ya ọjà yín. Fọ́tò tó wà lórí ìkànnì ilé-iṣẹ́ ní ẹni tó ni ẹ̀tọ́ àdàkọ rẹ̀, òun sì ni ọ̀nà tó yá jù tí wọ́n fi ń ní kí wọ́n yọ ìpolówó yín kúrò, torí wọn ò ní láti jiyàn nípa ọjà náà fúnra rẹ̀ rárá.

Ẹ tún wo bóyá ilé-iṣẹ́ ti pe ọjà náà padà nítorí ewu. Láti 2008 ni òfin Amẹ́ríkà ti kà á léèwọ̀ láti ta ọjà tí wọ́n ti pè padà, ẹni tó ń ta àlòkù nínú ilé rẹ̀ kò sì bọ́ nínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀dì ọmọ ọwọ́, ìjókòó ọmọ nínú ọkọ̀, bátìrì àti ẹ̀rọ tó ń gbaná ló yẹ kéèyàn fi nọ́ńbà wọn wá lórí ìkànnì àjọ tó ń bójú tó ààbò ọjà kó tó kọ ìpolówó. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni. Ní ti ọjà olè, àwọn àgbà ti sọ ọ́ tán: ẹni tó gbépo lájà kò jalè tó ẹni tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ọjà tuntun tí owó rẹ̀ kò tó ìdajì iye tó yẹ, tí ẹni tó ń tà á kò sì ní rìsíìtì, kò nílò àlàyé púpọ̀.

Àdéhùn ńkọ́ lórí ọjà tó ṣeé gbé lọ́wọ́? Ó wà, ṣùgbọ́n kì í rìn jìnnà. Ìdájọ́ ilé ẹjọ́ Amẹ́ríkà kan ní 2017 fi í hàn kedere. Lexmark ń ta agolo yíǹkì ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ní ẹ̀dínwó fún ẹni tó bá gbà pé òun ò ní tún un lò, òun ò sì ní gbé e fún ẹlòmíràn. Àwọn kan ń ra agolo tó ti ṣófo, wọ́n ń rọ yíǹkì sí i, wọ́n sì ń tà á. Ilé ẹjọ́ ní tí Lexmark bá fẹ́ bá ẹnìkan jà, ẹni tó bá a ṣe àdéhùn ló máa lè fi àdéhùn mú, kì í ṣe ẹni tó ra agolo lẹ́yìn náà. Ẹ̀tọ́ ìhùmọ̀ rẹ̀, ìyẹn agbára tó ní lórí ohun tó hùmọ̀, ti tán lórí agolo náà lọ́jọ́ tó tà á. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti àwọn alágbàtà tí ilé-iṣẹ́ olówó ńlá fọwọ́ sí: ilé-iṣẹ́ lè fi àdéhùn kọ̀ fún wọn pé kí wọ́n má ta ọjà lórí ìkànnì ọjà gbogbogbòò, ilé ẹjọ́ Yúróòpù sì fara mọ́ irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ fún ọjà olówó ńlá ní 2017. Àmọ́ àdéhùn náà kò kan oníbàárà tó rà á nínú ṣọ́ọ̀bù wọn, tó wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, tó sì fẹ́ tà á.

Ìwé orí ẹ̀rọ, orin tí wọ́n wà jáde láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, géèmù àti sọ́fítíwìà yàtọ̀. Ìyọ̀ǹda láti lò ó ni wọ́n sábà máa ń tà fún yín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé "rà á" ni wọ́n kọ sí bọ́tìnì tí ẹ tẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ilé-iṣẹ́ ReDigi gbìyànjú láti dá ọjà àlòkù sílẹ̀ fún fáìlì orin. Ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn dá a lẹ́bi ní 2018, torí pé fáìlì kò lè kúrò lórí kọ̀ǹpútà kan dé orí òmíràn láìjẹ́ pé wọ́n ṣe ẹ̀dà tuntun, ẹ̀tọ́ àtiṣe ẹ̀dà kò sì sí lọ́wọ́ ẹni tó ra fáìlì. Ilé ẹjọ́ Yúróòpù fúnni láyè díẹ̀ lórí sọ́fítíwìà ní 2012: tí ìyọ̀ǹda náà kò bá ní òpin, tí ẹ sì san owó rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹ lè tà á, kìkì pé ẹ gbọ́dọ̀ sọ ẹ̀dà tiyín di aláìṣiṣẹ́ lọ́jọ́ tí ẹ tà á. Tí ó bá jẹ́ ìyọ̀ǹda fún èèyàn 25 lẹ rà pọ̀, ẹ ò gbọ́dọ̀ já 10 kúrò nínú rẹ̀ tà. Àwọn kan rò pé ìdájọ́ yẹn máa dé orí ìwé orí ẹ̀rọ. Kò dé ibẹ̀. Ní 2019 ni ilé ẹjọ́ kan náà ti ilẹ̀kùn yẹn. Díìsì géèmù tó wà nínú páálí ṣeé tà. Kóòdù tí ẹ ti lò kò ṣeé tà. Àkáǹtì tí géèmù 40 wà nínú rẹ̀, àdéhùn fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo ilé-iṣẹ́ ló kà á léèwọ̀ láti tà, ẹni tó sì rà á lè pàdánù rẹ̀ lọ́jọ́kọ́jọ́, torí ẹni tó kọ́kọ́ fi ímeèlì rẹ̀ ṣí i lè kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ pé wọ́n jí àkáǹtì òun.

Ọ̀rọ̀ tíkẹ́ẹ̀tì wá dé, òun sì ni èèyàn ń ṣì lóye jù.

Kì í ṣe ìjókòó lẹ rà. Ẹ ra ìyọ̀ǹda láti wọlé ní ọjọ́ kan, ní wákàtí kan, lábẹ́ àwọn ìlànà kan, ẹni tó fún yín ní ìyọ̀ǹda náà sì lè gbà á padà tí ẹ bá yẹ ìlànà. Òfin pé ọjà tí a ti tà lẹ́ẹ̀kan ti kúrò lọ́wọ́ ẹni tó kọ́kọ́ ní in kò ràn yín lọ́wọ́ níbí, torí kò sí ọjà kankan tó kúrò lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ìdí nìyí tí olùṣètò eré fi lè fi orúkọ sára tíkẹ́ẹ̀tì, kó ní ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ rà ju mẹ́rin lọ, kó ní orí ìkànnì òun nìkan lẹ ti lè tún un tà, kó sì ní iye tí ẹ máa tà á kò gbọ́dọ̀ fi kọ́bọ̀ kan lé iye tí ẹ rà á.

Ta wá ni àdéhùn yìí dè? Ilé ẹjọ́ àpapọ̀ Jámánì dá ẹjọ́ kan ní 2008 tó yẹ kí gbogbo alágbàtà tíkẹ́ẹ̀tì mọ̀. Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Hamburg gbé ìkànnì kan tó ń tún tíkẹ́ẹ̀tì tà lọ sílé ẹjọ́. Ìdájọ́ náà ní ojú méjì. Ìkànnì náà kò gbọ́dọ̀ ra tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀, kó fi í pamọ́ pé òun fẹ́ tún un tà, nígbà tí ìlànà tí wọ́n fi tà á fún un kọ̀ ọ́. Àmọ́ tó bá rà á lọ́wọ́ ẹnìkan lásán tí kò lè lọ wo eré mọ́, ìlànà ẹgbẹ́ náà kò dè é, torí kò bá wọn ṣe àdéhùn. Títí dé ibẹ̀, inú alágbàtà á dùn. Ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ tí ẹni kejì rà kò ju èyí tí ẹni àkọ́kọ́ ní lọ. Tí orúkọ ẹni àkọ́kọ́ bá wà lára tíkẹ́ẹ̀tì, tí ìlànà sì ní ẹlòmíràn kò lè wọlé pẹ̀lú rẹ̀, wọ́n lè dá ẹni kejì padà lẹ́nu ọ̀nà. Àdéhùn kò dè é, ẹnu ọ̀nà ni kò ṣí fún un.

Lórí gbogbo èyí ni òfin orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan wá gùn lé, kò sì sí méjì tó dọ́gba. Ní England àti Wales, òfin kan tó ti wà láti 1994 sọ ọ́ di ọ̀ràn láti ta tíkẹ́ẹ̀tì àwọn ìdíje bọ́ọ̀lù tí ìjọba dárúkọ láìgba àṣẹ. Iye tí ẹ tà á kò ṣe nǹkan kan. Ẹ ì báà tà á ní iye tí ẹ rà á, ọ̀ràn ni, torí ohun tí wọ́n fẹ́ ni kí alátìlẹ́yìn ẹgbẹ́ méjì má jókòó pọ̀ kí wọ́n wá máa jà. Tíkẹ́ẹ̀tì eré orin kò sí nínú òfin yẹn. Ní Ireland, láti 2021, gbọ̀ngàn tàbí pápá tó ń gba èèyàn 1,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lè wà lára àwọn tí ìjọba dárúkọ, ẹ ò sì gbọ́dọ̀ ta tíkẹ́ẹ̀tì eré tó wà níbẹ̀ kọjá iye tó wà lára rẹ̀. Ní New South Wales ní Australia, tíkẹ́ẹ̀tì tí ìlànà rẹ̀ kọ àtúntà kò gbọ́dọ̀ lé ní iye tí wọ́n kọ́kọ́ tà á àti ìdá 10 nínú 100 lórí rẹ̀. Ní Faransé, ohun tí òfin 2012 ń wò ni bóyá ó ti di àṣà: ẹni tó bá ń tà á léraléra láìgba àṣẹ olùṣètò lè san ìtanràn tó tó yúrò 15,000, tó bá tún un ṣe, ó lè di 30,000. Ẹni tó ta ẹyọ kan torí àìsàn dá a dúró sílé kò sí nínú rẹ̀.

Òfin Japan ló wù wá jù nínú gbogbo wọn, torí òun ló yanjú ọ̀rọ̀ pé òfin yàtọ̀ sí àdéhùn. Láti oṣù kẹfà 2019, ẹni tó bá rú u lè ṣẹ̀wọ̀n ọdún kan, ó sì lè san ìtanràn mílíọ̀nù kan yẹ́ẹ̀nì. Ṣùgbọ́n kò kan gbogbo tíkẹ́ẹ̀tì. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n kọ ọ́ sí lára pé a kò gbọ́dọ̀ tún un tà, tó ní ọjọ́ àti ibi, tó sì sọ ìjókòó tàbí ẹni tó lè lò ó, tí wọ́n sì ti gba orúkọ àti ọ̀nà ìkànsíni ẹni tó rà á. Ẹni tó ń tà á gbọ́dọ̀ tà á kọjá iye tó wà lára rẹ̀, kó sì máa tà á bí iṣẹ́. Olùṣètò tí kò bá ṣe ojúṣe tirẹ̀ lórí tíkẹ́ẹ̀tì kò lè retí pé kí ọlọ́pàá wá bá òun ṣe é.

Lórí ẹ̀rọ tó ń ra tíkẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀, ibẹ̀ ni àwọn orílẹ̀-èdè ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fohùn ṣọ̀kan. Ẹ̀rọ náà máa ń ṣí ọgọ́rùn-ún ojú ìwé lẹ́ẹ̀kan náà, á máa lo orúkọ àti káàdì báǹkì oríṣiríṣi kí ìkànnì má baà mọ̀ pé ẹnìkan náà ni. Amẹ́ríkà ṣòfin lòdì sí i ní 2016. Òfin náà tún mú ẹni tó bá ta tíkẹ́ẹ̀tì tó mọ̀ tàbí tó yẹ kó mọ̀ pé ẹ̀rọ ni wọ́n fi rà á. Láti 2022, òfin Yúróòpù kà á léèwọ̀ fún oníṣòwò láti tún irú tíkẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀ tà tí wọ́n bá ti lo ẹ̀rọ láti ré kọjá iye tí ẹnìkan lè rà.

Ẹ jẹ́ ká wá wo ohun tó yẹ kéèyàn ṣe kó tó gbé tíkẹ́ẹ̀tì sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ímeèlì tí wọ́n fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ tí ẹ rà á ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣí, kì í ṣe ìkànnì olùṣètò bó ṣe wà lónìí, torí ìlànà tó wà lọ́jọ́ tí ẹ rà á ló dè yín. Ẹ wá ibi tó ti sọ̀rọ̀ gbígbé e fún ẹlòmíràn, ibi tó ti sọ̀rọ̀ orúkọ, ibi tó ti sọ iye tí ẹnìkan lè rà, àti ohun tó máa ṣẹlẹ̀ tí ẹ bá yẹ ìlànà. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí ló ṣe pàtàkì jù. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lábẹ́ òfin oníbàárà 2015, olùṣètò kò lè fagi lé tíkẹ́ẹ̀tì kìkì nítorí pé wọ́n tún un tà, àyàfi tí ó bá ti kọ ọ́ sínú àdéhùn ìbẹ̀rẹ̀ pé òun máa ṣe bẹ́ẹ̀, tí ohun tó kọ náà kò sì fi ìrẹ́jẹ ṣe. Òfin yẹn kan náà ní kí ẹni tó ń tún un tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì sọ búlọ́ọ̀kù, ìlà àti nọ́ńbà ìjókòó, iye tó wà lára tíkẹ́ẹ̀tì, àti ìdíwọ́ kankan tó wà lórí ẹni tó lè lò ó, bíi tíkẹ́ẹ̀tì ọmọdé tàbí ti akẹ́kọ̀ọ́. Kódà níbi tí òfin kò bá ti béèrè wọn, ẹ kọ wọ́n. Ẹni tó bá ra tíkẹ́ẹ̀tì láìmọ̀ pé ẹ̀yìn òpó ló máa jókòó sí máa gba owó rẹ̀ padà lọ́wọ́ yín.

Lẹ́yìn náà, ẹ wò ó bóyá bọ́tìnì tí wọ́n fi ń gbé tíkẹ́ẹ̀tì fún ẹlòmíràn wà nínú áàpù. Tó bá wà, òun nìkan ni kí ẹ lò. Nígbà tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, bákóòdù tiyín á kú, wọ́n á sì ṣe tuntun fún ẹni tó gbà á. Fáìlì PDF tàbí àwòrán tí wọ́n yà lójú fóònù kò rí bẹ́ẹ̀: bákóòdù kan náà ló wà lọ́wọ́ yín, lọ́wọ́ ẹni tó rà á, àti lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tí ẹni náà bá fi ránṣẹ́ sí. Ẹ̀rọ ẹnu ọ̀nà kò mọ ẹni tó sanwó. Bákóòdù tó bá kọ́kọ́ dé ló máa kà sí ẹni tó wọlé, èyí tó bá tẹ̀ lé e á di ayédèrú lójú rẹ̀. Nítorí rẹ̀ ni áàpù mìíràn fi ń yí bákóòdù padà ní ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan síra, tí àwòrán tí ẹ yà lánàá kò fi wúlò lónìí. Ẹ má sì gbé fọ́tò tíkẹ́ẹ̀tì tí bákóòdù rẹ̀ hàn sínú ìpolówó. Ó yẹ kó hàn gbangba, ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ la ń rí i.

Tíkẹ́ẹ̀tì tí kò tíì sí lọ́wọ́ yín, ẹ má tà á. Àwọn kan máa ń gba owó kí títà tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n á ní àwọn máa rí i rà tó bá yá. Tí iye rẹ̀ bá fò sókè, ẹni tó sanwó ló máa ń jìyà rẹ̀.

Ohun kan tún wà tí ìlànà kì í sọ ní gbangba. Tí wọ́n bá fagi lé eré, káàdì tí wọ́n fi rà á níbẹ̀rẹ̀ ni owó máa ń padà sí. Ìyẹn ni pé ẹni tó ti tà á ni owó máa ń bá, nígbà tí ẹni tó rà á lọ́wọ́ rẹ̀ ń dúró dè é. Ẹni tó ti gba owó títà, tó tún gba owó ìfagilé, tó sì dákẹ́, owó ẹlòmíràn ló dì mọ́wọ́. Ẹ kọ ọ́ sínú ọ̀rọ̀ tí ẹ bá ẹni tó fẹ́ rà á sọ, kí owó tó yí ọwọ́ padà, pé tí wọ́n bá fagi lé e, ẹ ó dá owó padà ní ọjọ́ mélòó. Tó bá jẹ́ pé ọjọ́ ni wọ́n sún síwájú, tíkẹ́ẹ̀tì sábà máa ń ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ tuntun, ẹni tó rà á kì í sì sábà lè fi ìyẹn gba owó lọ́wọ́ yín. Ẹ̀tọ́ ọjọ́ 14 tí òfin Yúróòpù fi jẹ́ kí oníbàárà dá ọjà tó rà lórí íntánẹ́ẹ̀tì padà fún oníṣòwò náà kò dé orí tíkẹ́ẹ̀tì eré tó ní ọjọ́.

Ọ̀rọ̀ oníṣòwò yìí ló kàn. Kò sí ìkànnì ọjà tó ń fi orúkọ yín pamọ́ títí láé. Ní 2012, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pàṣẹ pé kí Viagogo, ìkànnì tí wọ́n ti ń tún tíkẹ́ẹ̀tì tà, kó orúkọ àwọn tó ta tíkẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀lù rọ́gíbì kọjá iye tó wà lára rẹ̀ fún àjọ rọ́gíbì. Láti 2023 ni àwọn ìkànnì ọjà ní Yúróòpù ti ń fi orúkọ àti iye tí olùtajà pa ránṣẹ́ sí àwọn agbowó-orí. Ẹni tó ta ọjà tí kò tó 30 lọ́dún, tí owó rẹ̀ kò sì kọjá yúrò 2,000, ni wọ́n yọ sílẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, láti oṣù kẹfà ọdún yẹn kan náà, ìkànnì gbọ́dọ̀ wádìí ìdánimọ̀ àti nọ́ńbà báǹkì ẹni tó bá ta ọjà tuntun tàbí èyí tí wọn ò tíì lò ní ìgbà 200 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láàárín oṣù 12, tí owó rẹ̀ sì tó dọ́là 5,000. Àlòkù tí ẹ kó kúrò nínú yàrá yín kò sí nínú ìṣirò yẹn. Tí ìkànnì bá béèrè ìwé ìdánimọ̀ yín, tí ẹ ò sì dáhùn, wọ́n lè dá owó yín dúró.

Ohun tí a ń bẹ yín fún, Olóòtú, kò ju èyí lọ. Nígbà tí akọ̀ròyìn yín bá kọ ọ́ pé wọ́n mú ẹnìkan torí tíkẹ́ẹ̀tì, kó kọ òfin tí wọ́n fi mú un àti orílẹ̀-èdè tó ni ín. Tó bá jẹ́ pé ṣe ni olùṣètò fagi lé tíkẹ́ẹ̀tì ẹni náà, kó kọ ìlà tó wà nínú àdéhùn tó fún un lágbára bẹ́ẹ̀. Tí wọ́n bá sì dá òǹkàwé yín padà lẹ́nu ọ̀nà, kó má bínú lọ sílé. Kó ní kí ẹni tó wà níbẹ̀ kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀ fún òun, yálà wọ́n ti lo bákóòdù náà tẹ́lẹ̀ ni, wọ́n fagi lé e ni, tàbí orúkọ ni kò bá ara mu, pẹ̀lú aago tó lù nígbà náà. Ìkànnì tó ti rà á máa béèrè rẹ̀ kó tó dá owó padà, báǹkì náà á sì béèrè rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó máa kọ ọ́ fún un mọ́ tí eré bá ti parí.

Àwa ni tiyín,
Àwa tí a ń gba àwọn tó ń tajà lórí íntánẹ́ẹ̀tì nímọ̀ràn lórí àdéhùn